Torgeir, Agogo Kérésìmesì àti Ẹyẹ Aláyà Pupa

Ní ìlú Skogli, kò sí ilé tí í jókòó ti oúnjẹ ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì kí agogo ìjọ tó dún. Agogo yẹn ni í kéde fún gbogbo àfonífojì pé a ti bí Olùgbàlà; òun náà ni í pe àwọn ènìyàn wọlé ìsìn, kí wọ́n tó padà lọ bá egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ nínú ààrò. Ọdún kan wà tí agogo náà kò dún ní àkókò rẹ̀. Àwọn ará dúró níwájú ilé Ọlọ́run nínú aṣọ tó dára jù lọ tí wọ́n ní, èémí ń rú lẹ́nu wọn bí èéfín, gbogbo wọn gbójú sókè. Nígbà tó pẹ́, Pásítọ̀ Eystein, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìjọ náà, ká aṣọ oyè rẹ̀ sókè, ó sì sáré sọdá sí ilé Torgeir Lindvik, alágogo. Ó bá a níbi tó dojú bolẹ̀ sí nínú yìnyín àgbàlá rẹ̀, gbọọrọ bí igi tí a gé lulẹ̀.

“Baba Torgeir! Ṣé ẹ̀mí yín ṣì wà?”

“Ó wà,” ni ohùn kan dáhùn láti inú yìnyín. “Ẹ má mí.”

Torgeir ti sùn nínú Olúwa báyìí, ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí ẹni tó lè dárúkọ rẹ̀ ní Skogli kí ẹ̀rín má bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó dà á dojú bolẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ìlérí kan tó ṣe fún Ragna, aya rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ragna ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ti tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní dompap a máa wá sí oko baba rẹ̀ ní gbogbo Kérésìmesì: ẹyẹ kúkúrú, olórí dúdú, tí àyà rẹ̀ pupa bí ẹyín iná.

“Tí mo bá lè rí i lẹ́ẹ̀kan péré sí i,” ni Ragna wí, “kò sí ẹ̀bùn míì tí mo tún fẹ́.”

“Wàá rí i,” ni Torgeir fèsì. Bí Síméónì àgbà ti ń retí Olùgbàlà nínú tẹ́ńpìlì, bẹ́ẹ̀ ni Ragna bẹ̀rẹ̀ sí í retí lẹ́bàá fèrèsé. Ẹni tó ṣe ìlérí fún Síméónì nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe.

Torgeir so ití ọkà mọ́ orí òpó gíga láàrin àgbàlá, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé ti ń ṣe fún àwọn ẹyẹ nígbà Kérésìmesì. Ó ní ẹ̀rí tirẹ̀ lọ́wọ́. Láti ìgbà èwe rẹ̀, orí ití ọkà gan-an ni dompap máa ń jókòó lé nínú gbogbo káàdì Kérésìmesì tó ti rí. Àwọn ológoṣẹ́ dé, wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n sì pe ìbátan wọn wá. Dompap kò yọjú. Ní àgbàlá kejì, lọ́dọ̀ Borghild Aasen, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn dompap jókòó bí àlejò tí kò rántí ilé mọ́.

“Borghild,” ni Torgeir pè é láti ẹ̀yìn ọgbà, “kí lò ń fún wọn jẹ gan-an?”

“Hóró òdòdó oòrùn ni. Mo máa ń dà á sórí pákó nísàlẹ̀, lẹ́bàá igi tó ṣú, kí wọ́n lè ríbi sá sí. Ojú máa ń ti ẹyẹ yẹn. Ìwọ wá gbé oúnjẹ kọ́ sójú ọ̀run bí àsíá.”

“Ití ọkà wá ńkọ́?”

“Tàwọn ológoṣẹ́ nìyẹn.”

“Káàdì ò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ta ló ya káàdì, Torgeir? Ṣé dompap ni?”

Náámánì balógun kò fẹ́ràn Jọ́dánì rárá, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bí Torgeir ti fẹ́ràn hóró òdòdó oòrùn lọ. Ó yàn láti dúró ti káàdì rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó kígbe pé dompap ti dé, ó gbé orí Ragna sókè lórí ìrọ̀rí, ó sì pe Borghild wá jẹ́rìí. Borghild wo ẹyẹ náà, ó mi orí.

“Àwọ̀ nìkan lò ń wò. Wo ẹnu ẹ̀ ná. Ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Kòkòrò lèyí ń ṣà jẹ. Ẹnu dompap nípọn, ó kúrú, torí hóró ló fi ń fọ́. Tó bá sì fò, ìdí ẹ̀ á funfun báláú. Pupa tèyí bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí, bí ẹni tó ki ojú bọ ọbẹ̀.”

“Bóyá ó ṣì kéré ni.”

“Torgeir, mo ti gbẹ̀bí ìdajì ìlú yìí. Kò sí èyí tí ẹnu ẹ̀ pààrọ̀ nígbà tó dàgbà. Ìwọ gan-an, wo tìẹ.”

Lẹ́yìn èyí ni Torgeir gbẹ́ dompap láti ara igi. Ó kùn wọ́n ní pupa, ó sì so wọ́n mọ́ ití ọkà, pẹ̀lú èrò pé bí àwọn ẹyẹ tòótọ́ bá rí àwọn ará wọn níbi àsè, wọn yóò yà síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwòdì já wálẹ̀, ó gbé ọ̀kan lára àwọn ẹyẹ igi náà, ó sì fò lọ pẹ̀lú rẹ̀ kọjá ilé agogo. Borghild rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọgbà mú. Torgeir ní tirẹ̀ wọ inú ilé lọ bí aṣẹ́gun.

“Ragna! Àwòdì gbà á gbọ́!”

Ṣùgbọ́n ní ọdún tí à ń wí yìí, èémí Ragna ti ń kúrú, oorun sì ti ń gba púpọ̀ nínú ọ̀sán rẹ̀. Bí Kérésìmesì ti ń súnmọ́, ó ní kí Torgeir mú ọ̀kan nínú àwọn káàdì àtijọ́ wá, kí ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé.

“Wò ó,” ó wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, “ó ti dé. Má wulẹ̀ yọ ara ẹ lẹ́nu mọ́.”

Torgeir dúró, ó wo ẹyẹ orí bébà náà pẹ́. Ọ̀rọ̀ Ragna jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ṣùgbọ́n ó gún un ju ẹ̀gàn Borghild lọ. Ó mú abọ́ òfìfo, ó sọdá yìnyín, ó sì kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí Borghild ti ń to ẹ̀fẹ̀ jọ de ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó gba abọ́ náà, ó sì bu hóró kún inú rẹ̀ ní àkúnwọ́sílẹ̀.

“Má sọ fún ẹnikẹ́ni,” ni Torgeir wí.

“Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Gbogbo ìlú ti ń wò ẹ́ látojú fèrèsé.”

Torgeir da hóró náà sórí pákó lábẹ́ igi tó ṣú nínú àgbàlá tirẹ̀, ibi tí ojú Ragna lè dé. Ọjọ́ kọjá, kò sí ohun tó wá. Ó di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì. Torgeir ti wọ bàtà, ó ti jáde láti lọ lu agogo, ni ó bá gbọ́ fèrè kékeré kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kẹ́dùn. Dompap wà lórí pákó, ó ń fọ́ hóró. Ragna sì ń sùn. Bí Torgeir bá tẹ̀síwájú, ẹyẹ á fò. Bí ó bá padà sẹ́yìn láti jí aya rẹ̀, ẹyẹ á fò. Ó dùbúlẹ̀ níbi tó wà, ó sì ń gbàdúrà pé kí Ragna la ojú.

Bí Pásítọ̀ Eystein ti gbọ́ “Ẹ má mí,” ó rí ẹyẹ náà, ó sì wo fèrèsé. Òun náà rọra dùbúlẹ̀ sínú yìnyín pẹ̀lú aṣọ oyè rẹ̀. Nígbà tí pásítọ̀ kò padà, ìjọ tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá ti dé etí ọgbà, Borghild tó ti dúró síbẹ̀ á fi ìka sí ètè, onítọ̀hún á sì dúró. Báyìí ni gbogbo ìjọ ṣe tò síbẹ̀ nínú aṣọ Kérésìmesì, láìfọhùn, nígbà tí Ragna la ojú rẹ̀.

Ó wò wọ́n láti ẹnì kan dé èkejì.

“Torgeir,” ó pè láti inú ilé, “ṣé mo ti kú ni?”

“Rárá! Wo ìsàlẹ̀!”

Ó wo ìsàlẹ̀, ó sì rí i. Ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ní ibi tí pupa wà lára ẹyẹ náà. Nígbà tó yá, dompap fò, ìdí rẹ̀ sì funfun báláú lójú gbogbo ènìyàn gẹ́gẹ́ bí Borghild ti wí. Torgeir lọ lu agogo pẹ̀lú yìnyín nínú ṣòkòtò. Nínú ìwàásù rẹ̀, Pásítọ̀ Eystein kàn sọ pé Baba tí kò gbàgbé ológoṣẹ́ kan kò gbàgbé àwọn tó ń wojú fèrèsé pẹ̀lú. Ó ní ẹran ń jóná, kí wọ́n máa lọ sílé.

Ragna la ìgbà òtútù náà já. Torgeir ni Olúwa kọ́kọ́ pè, nígbà ìkórè, nínú oorun rẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ okùn agogo náà mú, títí Borghild fi yọ̀ǹda ara rẹ̀.

“Mo ti fa ohun tó nira ju okùn lọ jáde,” ó wí, pásítọ̀ kò sì bá a jiyàn.

Nígbà tí Kérésìmesì tún súnmọ́, Borghild da hóró sórí pákó Torgeir, ó sì tún so ití ọkà mọ́ orí òpó. Ó ní nítorí àwọn ológoṣẹ́ ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, ó mu kọfí lọ́dọ̀ Ragna, ó dìde láti lọ lu agogo, ó ti ki apá kan bọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ni Ragna bá fọwọ́ tọ́ ọ. Dompap kan fò kọjá pákó, kò wo hóró rárá. Ó bà sórí ití ọkà, ó ṣe àyà bọ̀ǹbọ̀, ó sì jókòó.

Borghild dúró gbagidi, apá ẹ̀wù kejì ń fì lẹ́yìn rẹ̀.

“Kò jẹ ẹ́,” ó wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ó kàn jókòó lásán ni.”

“Bó ṣe wà nínú káàdì nìyẹn,” ni Ragna wí.

Borghild nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá ẹ̀wù tó ṣófo náà. “Ó dáa, Torgeir. Ó dáa. O gbọ́n jù mí lọ.” Kò sì kúrò lójú fèrèsé.

Níwájú ilé Ọlọ́run, àwọn ará gbójú sókè sí agogo tí kò dún. Ẹnì kan béèrè bóyá kí òun sáré lọ pe Borghild. Pásítọ̀ Eystein wo apá ilé Torgeir, ó sì mi orí.

“Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, ẹ̀yin ará mi,” ó wí. “Ẹ rọra máa mí.”