Wọ́n Ní Mo Fọ́lé Ara Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ pé àwọn kan ń gbé e kiri nínú ẹgbẹ́ wa orí ayélujára yìí pé ọlọ́pàá mú mi. Òótọ́ ni. Wọ́n mú mi! Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ́ fún yín kò ní sọ ìdí rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ròyìn ohun tójú mi rí.

Ẹ mọ̀ pé ọkọ mi kú lọ́dún tó kọjá. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ kọ́ ilé wa ní Kubwa, orúkọ àwa méjèèjì ló sì wà lórí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Iyán mi ló ń jẹ ní gbogbo ọjọ́ Sunday nígbà tí a ń kọ́ ọ. Kò gbé búlọ́ọ̀kù kan rí!

Bí a ṣe sin ọkọ mi tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé mo ti dàgbà, pé mo ti ń gbàgbé nǹkan, kí n lọ sinmi nílé ní Kàbà kí mọ̀lẹ́bí máa tọ́jú mi. Ta ló bi í léèrè? Mo ní n ò lọ.

Mo wá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Karu, mo sì sinmi díẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, àgádágodo tuntun ni mo bá lẹ́nu géètì mi. Mo pe wẹ́dà, mo ní kó gé e. Mallam tó jẹ́ wẹ́dà náà ń wò mí. "Kai, Hajiya, ṣé ilé yín ni?" Mo ní ilé mi ni, gé e!

Ọjọ́ Friday ni ọlọ́pàá dé. Wọ́n ní ọ̀gá àwọn kàn fẹ́ bi mí ní ìbéèrè kékeré kan ni, kò ní pẹ́. Èmi tí mo ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé rí, mo tẹ̀lé wọn láìmú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi dání! Ṣé ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi mú Friday? Kóòtù kì í jókòó lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé ní Friday, ó di Monday.

Mo wọ tésàn wọn, mo bá àbúrò ọkọ mi níbẹ̀, ó ń mu malt. Ọlọ́pàá ní ó fẹ̀sùn kàn mí pé mo fọ́ ilé mọ̀lẹ́bí tí mo ti kó kúrò níbẹ̀. Ọlọ́pàá náà ní òun á bá mi kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kí n kàn fọwọ́ sí i. Mo ní àfi kí lọ́yà mi dé. Mo ti pè é, ọmọ tí mo kọ́ níwèé rí ni, ṣùgbọ́n gosló ti dá a dúró lójú ọ̀nà.

Oòrùn ń wọ̀. Orí ń fọ́ mi. Mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń gbá irin sẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn wa, ó ń tọrọ omi.

Àbúrò ọkọ mi sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó wa, kí lẹ fẹ́ fi gbogbo yàrá yẹn ṣe? Ẹ gbà láti lọ sí Kàbà, ẹjọ́ parí. Àbí ẹ fẹ́ gbé irun funfun yìí sùn sí sẹ́ẹ̀lì?"

"Ilé yín náà ni irun ọ̀hún ti funfun," ni mo dá a lóhùn.

Ọlọ́pàá bi mí bóyá mo tiẹ̀ mọ ẹni tó fẹ̀sùn kàn mí.

Ẹ gbọ́ o. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, n ò pe ọkùnrin yìí lórúkọ rí. Wọ́n ti bí i kí n tó dé ilé wọn, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún mi. Eyínfúnjowó ni mo ń pè é, àní nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé ìwé! Eyín funfun lóòótọ́. Inú ńkọ́?

Mo dìde, mo nàka sí i. "Mo mọ̀ ọ́n. Dáre ni. Dáre!"

Ó fò sókè bí ẹni tí wọ́n gbá létí, malt dà sí i láṣọ. "Èmi lo ń pè ní Dáre? Ìwọ, obìnrin tá a fẹ́ sílé! Nígbà tó o lọ ṣe ojú, ṣebí èmi ni mo fi àgádágodo sẹ́nu géètì! Ǹ bá mọ̀, gbogbo ẹrù rẹ inú ilé yẹn ni ǹ bá kó dà síta!"

Ọlọ́pàá gbé bírò sílẹ̀. "Oga, no be you talk say Mama don pack commot?"

Dáre bẹ̀rẹ̀ sí í nu malt kúrò lára aṣọ rẹ̀.

Orí ìyẹn ni lọ́yà mi wọlé bá wa. Ó ní ẹni tó ń gbé inú ilé tirẹ̀ kò fọ́lé, àti pé ta ló ni ilé, kóòtù la ti ń bèèrè ìyẹn, kì í ṣe tésàn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo padà sílé, n ò sì san kọ́bọ̀ fún béèlì.

Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, ẹ kọ ìwé ìhágún yín nígbà tí ọpọlọ yín ṣì jí pépé. Ẹ fúnra yín yan ẹni tó máa tọ́jú yín lọ́jọ́ ogbó, kí lọ́yà yín mọ̀ ọ́n, kí ẹnì kan má baà yàn án fún yín. Bí ọlọ́pàá bá sì ní kẹ́ ẹ wá fún ìbéèrè kékeré, ẹ pe lọ́yà kẹ́ ẹ tó wọ bàtà, ẹ mú oògùn yín dání, ẹ má sì fọwọ́ sí ohun tí ẹlòmíì kọ!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lojú yín ti rí lọ́wọ́ àwọn ará ilé ọkọ? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má bò ó.

Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí ọkọ mi tẹ́ ẹ̀ ń kà á náà, mo gbọ́ pé ẹ̀ ń retí kí n wá kúnlẹ̀ bẹ Dáre torí pé mo dárúkọ rẹ̀. Ẹ má dúró dè mí. Orúnkún mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́.