Ooru Inú Ilé Onígíláàsì

Òórùn erùpẹ̀ tútù lára iṣu, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Plumstead nílẹ̀ Òyìnbó, ló gbé ọkàn mi padà sí ilé onígíláàsì tí wọ́n ti ń tọ́jú igi ilẹ̀ olóoru. Yìnyín ń bọ́ níta, ṣùgbọ́n ooru inú ilé náà ń mú gíláàsì làágùn. Omi ń kán sí mi lọ́rùn láti ara ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mọ́mì kò wo igi kankan. Àwa ọmọ ni wọ́n ń wò.

"Ṣé ooru yìí ò pọ̀ jù fún yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ kóòtù. "Mọ́mì, mo ń kú lọ o! Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Òyìnbó!" Mọ́mì yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ó nice gan-an, Mọ́mì. Ibí ni mo fẹ́ máa gbé."

Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n nu òógùn iwájú orí mi.

Mi ò lè sọ dájú pé ìdáhùn yẹn nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Nàìjíríà, mo sì lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án yẹn nínú ilé onígíláàsì, ẹ̀gbọ́n mi tí kò lè fara da ooru ni àánú rẹ̀ ń ṣe mí.