Ààwẹ̀ Tí Kò Ní Ìṣínu

Télọ̀ ni mí ní Ìkirè láti ayé ìjọba ológun. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nítorí àwọn kan ṣì wà láyé, ojú títì sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà.

Ààwẹ̀ ku díẹ̀ kó wọlé nígbà tí mo gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní Àpòmù. Ní gáréèjì, mo bá awakọ̀ kan àti sójà kan tí wọ́n ń bú ara wọn. Kí n tó mọ ibi tí màá gbà, ọkọ̀ sójà ti dé. Wọ́n kó gbogbo wa, ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń jẹ dòdò tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní a fẹ́ da ìlú rú, pé òfin pàjáwìrì wà tó fún wọn láyè láti ti ènìyàn mọ́lé láìgbé e dé kóòtù.

Yàrá tí wọ́n tì wá mọ́ ní Ìbàdàn kò ní fèrèsé. Àgbẹ̀ kan láti Orílẹ̀-Òwu, bàbá arúgbó, ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi. Nígbà tí ààwẹ̀ wọlé, a gbà á. Ṣùgbọ́n báwo la ó ṣe mọ̀ pé oòrùn ti wọ̀? A kì í gbọ́ ìpè ìrun.

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ló ṣàánú wa.

"Bàbá, tí oòrùn bá ti wọ̀, màá fi kọ́kọ́rọ́ kan ilẹ̀kùn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gá mi gbọ́ o."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Aládùúrà ló wá di ládàánì wa! Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ Ẹ́, kí n má baà wá bá yín nínú ibẹ̀ yẹn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣínu. Kọ́kọ́rọ́ á dún, a ó mu omi. Lọ́jọ́ kan, ó dún, a ní "Bísímíláì," a gbé omi sẹ́nu. Ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Ẹ̀ṣọ́ mìíràn ló dúró síbẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń ràn yòò lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ la gbọ́; èmi ló wá pè.

Bàbá nu ẹnu. "Ọmọ mi, a ti jẹ ààwẹ̀."

"Ẹ má bínú, Bàbá. A ó gba òmíràn dípò rẹ̀ tí a bá délé."

"Ọjọ́ wo la ó délé?"

Ẹ̀ṣọ́ ti ń fà mí jáde.

Ìyàwó mi àti lọ́yà tó gbà fún wa ni wọ́n jẹ́ kí n rí lọ́jọ́ náà. Lọ́yà ní adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ wa, ṣùgbọ́n òfin ológun ti sọ pé kóòtù kankan kò gbọ́dọ̀ bi àwọn sójà léèrè.

"Adájọ́ ń bẹ̀ mí," ni ìyàwó mi wí. "Ó ní kí n má bínú. Adájọ́ ńlá!"

N kò bínú sí adájọ́ náà títí dòní. Òfin yẹn ti ilẹ̀kùn mọ́ òun náà. Mo bi lọ́yà ní ọjọ́ tí wọn ó dá mi sílẹ̀.

"Ọjọ́ tó bá wù wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn já mi láyà ju ilẹ̀kùn náà lọ. Ebi ààwẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbà á mọ̀ pé oòrùn á wọ̀.

Iléyá kọjá kí wọ́n tó ní kí n máa lọ. Wọn kò sọ ìdí, n kò sì béèrè. Bàbá ṣẹ́kù síbẹ̀. Nígbà tí mo wá wọn lọ sí Orílẹ̀-Òwu lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ wọn ní bàbá àwọn ti dé, ṣùgbọ́n wọn kò pẹ́ tí wọ́n fi kú.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí, ìjọba alágbádá padà dé, àwọn olè sì ń dà wá láàmú. Wọ́n ti fọ́ ṣọ́ọ̀bù tèmi náà. Alága ìjọba ìbílẹ̀ pè wá sí gbọ̀ngàn. Ó ní kí àwọn ọdẹ máa mú ẹni tí wọ́n bá fura sí, kí wọ́n máa tì í mọ́lé títí ìlú á fi tòrò. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Olè ti sú wọn, n kò dá wọn lẹ́bi.

Mo dìde. Ìyàwó mi fa aṣọ mi. "Baálé mi, ẹ jókòó."

"Alága," ni mo wí, "ọjọ́ wo ni ìṣínu rẹ̀?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan ké láti ẹ̀yìn: "Télọ̀, ta ló ń sọ ti ààwẹ̀? Olè là ń sọ!"

"Wọ́n ja èmi náà lólè, ìyá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá mú, ìgbà wo ni yóò dé kóòtù? Tí adájọ́ bá béèrè rẹ̀, ṣé wọn ó dáhùn? Àṣẹ yìí fúnra rẹ̀, ìgbà wo ni yóò tán?"

Alága mú bírò, ó kọ ìbéèrè mi sílẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ẹni tí wọ́n bá mú kò gbọ́dọ̀ sùn lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n gbé e fún ọlọ́pàá, kí ọlọ́pàá gbé e dé kóòtù. Tí oṣù bá lé, àṣẹ yìí tán, àyàfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá tún jókòó lé e lórí."

Nígbà tí oṣù lé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn. Mo jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí mo ti lè máa rí oòrùn.