Irin Ìdajì Kílò

Àǹtí Ọgbọ̀n ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá niṣẹ́ ẹ̀. Òun ló ń bójú tó kẹ̀kẹ́ ìdánwò tó wà ní yàrá ẹ̀yìn pápá ìṣeré, kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan. Wọ́n á kó irin sínú apẹ̀rẹ̀ tó so mọ́ ọn, bí ara ẹni tó fẹ́ wà á bá ṣe wúwo sí. Sárésáré á wà á bí ẹni tí ajá ń lé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kọ̀ǹpútà á sì sọ iye agbára tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò sì mọ̀rọ̀ ọ́ sọ jẹ́jẹ́. "Má fi nǹkan kan pamọ́! Ṣé o fẹ́ gbé e relé ni?" Àwọn géńdé tó ń fọ́nnu wọlé, rírá ni wọ́n máa ń rá jáde.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ara ẹ̀ ò balẹ̀ láti òwúrọ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ẹgbẹ́ sárésáré, ọmọbìnrin méjì ló sì ń dù ú. Ẹni tí máàkì ẹ̀ bá ga jù lórí kẹ̀kẹ́ ló ni ín, kí wọ́n tó fi orúkọ ránṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Èkíní ti wà á, ó gba mẹ́wàá géérégé. Ìkejì ni ọmọ àbúrò Àǹtí Ọgbọ̀n tó dolóògbé, ọmọ tó ti ń tọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, tó ń pè é ní Màmá.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì ṣe tiẹ̀," Àǹtí Ọgbọ̀n ló ń bẹ kóòṣì ẹgbẹ́ náà.

Kóòṣì bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni? Èmi tí mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án?"

Àǹtí Ọgbọ̀n wọn ọmọ náà: ọgọ́ta kílò. Ìyẹn gba irin kílò mẹ́rin àbọ̀. Irin ìdajì kílò kan wà tó máa ń yọ̀ bọ́ nínú apẹ̀rẹ̀ ṣáá, inú àpò ẹ̀wù ló máa ń tọ́jú ẹ̀ sí, ìgbẹ̀yìn ló sì máa ń fi í sí i. Ó tẹ mẹ́rin àbọ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ń kó irin sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà pè é.

"Màmá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni? Jókòó dáadáa jàre!" Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ń ba òun náà jù ú lọ.

Ó já apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí ìwúwo ẹ̀ lè mú táyà. "Wà á! Má fi nǹkan kan pamọ́!" Nígbà tó pé ogún, ojú ọmọ ti pọ́n. Nígbà tó ku márùn-ún, ó ń ké. Aago dún. Mẹ́wàá àbọ̀!

Kóòṣì pàtẹ́wọ́, ó fa bíírò yọ. Ọmọ náà rọ́ sílẹ̀, ó ń bì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Ọgbọ̀n ti ọwọ́ bọ àpò kó mú áńkáṣíìfù fún un. Irin ló bá níbẹ̀.

Yé! Kílò mẹ́rin péré lọmọ wà. Mẹ́rin àbọ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ṣírò fún un. Kò sẹ́ni tó rí i. Ó kàn lè rọra fi í sílẹ̀ nínú àpò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Níta, ọmọ tó gba mẹ́wàá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń retí. Kóòṣì ti ń kọ orúkọ.

"Ẹ dúró ná, Kóòṣì." Ó gbé irin náà sórí tábìlì. "Mi ò fi sí i. Ẹ̀bi mi ni."

Kóòṣì wo irin, ó wo obìnrin náà. Wọ́n tún un ṣírò: mẹ́sàn-án lé díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n tún un wà!" Ọmọ náà fẹ́ dìde, orúnkún ẹ̀ yẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá ti tán báyìí, ó di ọ̀la, orúkọ ò sì lè di ọ̀la. Kóòṣì ṣílẹ̀kùn, ó pe ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì wọlé.

Ọmọ ló ṣíwájú títí wọ́n fi délé. Ẹnu ọ̀nà ni ọmọ ti yíjú padà.

"Màmá, ẹ ò bá ti dákẹ́."

"Mo mọ̀. Ó wù mí kí n dákẹ́. Ó wù mí gan-an ni."

Ọmọ náà wò ó títí. Ó wọ yàrá ẹ̀ lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé, ṣùgbọ́n kò fi kọ́kọ́rọ́ tì í.