Ibi Tí Wọ́n Bí Bàbá Mi Sí

Aránṣọ ni bàbá mi. Orílẹ̀-èdè tó wà ní òdìkejì odò ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e wálé, síbẹ̀ "Àlejò" ni wọ́n ń pè é ládùúgbò.

Oníbàárà kan a béèrè pé, "Àlejò, ìgbà wo lẹ máa padà sílé yín?"

Bàbá mi a ní, "Ọjọ́ tí ikùn rẹ bá wọ ṣòkòtò tí mo rán fún ọ."

Gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí. Nígbà tí mo ń bá a kọ fọ́ọ̀mù káàdì ìdánimọ̀, mo kọ ọ́ pé ìlú wa níbí ni wọ́n bí i sí. N kò sọ fún un.

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, akọ̀wé ka fọ́ọ̀mù náà sókè, ó ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?"

Bàbá mi wò mí. "Rárá o. Òdìkejì odò ni."

Akọ̀wé fa fọ́ọ̀mù náà ya. "Ẹ lọ kọ òmíràn wá."

Mo kúnlẹ̀ níta. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, ẹ má bínú."

"Dìde. Àwọn ará àdúgbò ló ń pè mí ní àlejò, ìyẹn ò dùn mí. Ṣé ìwọ náà rò pé àlejò ni mí?"

Mo gba fọ́ọ̀mù tuntun, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé òdìkejì odò ni wọ́n bí i sí. Omijé mi kán sórí rẹ̀.