Kọ̀ǹpútà Olómi ti Nọ́fíù

Bí ẹ bá béèrè ọkọ mi Nọ́fíù lọ́wọ́ àwọn ará mọ́ṣáláṣí wa, wọ́n á ní ọmọlúàbí ni. Irọ́ kọ́. Àmọ́ àwọn kọ́ ló ń bá a gbélé. Èmi Kúlísúmù ni mò ń bá a gbélé, èmi ni kí ẹ bi.

Nọ́fíù ń ṣọ́ ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton, ní Amẹ́ríkà níbí, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ síbẹ̀ láti ilé wa. Lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ń ya fídíò ìkómọ àti yìgì fún àwọn èèyàn wa. Ó mọ fídíò yà, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà tó fi ń gé e, tó fi ń tò ó, ni wàhálà rẹ̀. Ìgbín yára jù ú lọ. Ó ya ìkómọ Ummulkhair, ọmọ Mùlíkàt tó ń gbé ní District Heights. Kí fídíò yẹn tó jáde, ọmọ ti ń sáré kiri pálọ̀. Mùlíkàt wò ó títí, ó ní, "Bọ̀dá Nọ́fíù, ọmọ ta rèé?" Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọkọ mi wọra.

Nígbà tó yá, mo lóyún àkọ́bí wa. Ìyá mi fẹ́ wá ṣe ìwẹ̀ ọmọ, wọn ò fún wọn ní físà. Màmá sunkún lórí fóònù láti Ọ̀yọ́. Wọ́n ní, "Nọ́fíù, ọkọ ọmọ mi, mi ò ní lè gbé ọmọ yìí nígbà tó bá ṣì wà ní pínńíṣín. Fídíò ẹ nìkan ni mo gbójú lé. Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kó ti máa rìn kí n tó rí i."

Nọ́fíù dìde dúró ṣánṣán, àfi bíi pé Màmá ń wò ó. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Kó tó pé ogójì ọjọ́, ẹ ó ti rí i."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà olómi ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní àwọn kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń fipá mú kọ̀ǹpútà sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ní kó sá lọ. Bó bá ti ń sáré bẹ́ẹ̀, ó máa ń gbóná, apá fáànù kì í ká a mọ́. Omi ni wọ́n fi ń tù ú.

Mo ní, "Omi? Nínú nǹkan oníná?"

"Inú họ́ọ̀sì ni omi máa wà, Kúlísúmù."

"Bí họ́ọ̀sì bá wá jò ńkọ́?"

"Kò ní jò."

"Gbogbo nǹkan tó ti jò láyé yìí, ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ pé kò ní jò."

Ó ti ń ronú pọ́ǹpù. Pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń ṣe omi ẹja inú gíláàsì ló rà, báàfù wa ló sì ti dán an wò, èmi olóyún sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́. Ó ra họ́ọ̀sì. Ó ra bàbà pẹlẹbẹ kan tí yóò lẹ̀ mọ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ó tú kọ̀ǹpútà àtijọ́ palẹ̀ pátá kó lè rí nǹkan yọ lára rẹ̀. Orí tábìlì ìjẹun ni gbogbo rẹ̀ wà, orí itan la wá ń gbé abọ́ lé jẹun.

Ohun tó kù ni ibi tí omi gbígbóná máa gbà kọjá kó tó tutù. Ó ní àwọn ará íńtánẹ́ẹ̀tì ní kò sóhun tó dáa tó híítà mọ́tò, kékeré yẹn tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù.

"Híítà tó ń mú èèyàn gbóná ló fẹ́ mú kọ̀ǹpútà tutù?"

"Iṣẹ́ kan náà ni. Ó ń gba ooru lára omi, ó ń fi fún afẹ́fẹ́."

Mo ní ó dáa o, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Nínú oṣù keje, nígbà tí ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, ó gbé ọ̀kan wọlé. Mo bi í pé níbo lẹ ti rí i, ó ní ọ̀dọ̀ Ṣítù, mẹkáníìkì wa. Mọ́tò mi náà wà lọ́dọ̀ Ṣítù lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ní wọ́n ń yí ọ́ìlì rẹ̀. Híítà yẹn dọ̀tí, mo ṣàánú ọkọ mi, mo bá a fi ọtí kíkan fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Èmi Kúlísúmù, ọwọ́ ara mi ni mo fi fọ̀ ọ́!

Ooru lọ, òtútù dé. Accokeek ni mo ti ń tọ́jú ìyá àgbà òyìnbó kan, ọ̀nà ibẹ̀ jìn, igbó ni lọ́tùn-ún lósì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìrì dídì kọ́kọ́ bo gíláàsì mọ́tò, mo yí híítà, atẹ́gùn tútù ló fẹ́ sí mi lójú. Mo yí i dópin, ó túbọ̀ tutù sí i. Ìrì ò kúrò lára gíláàsì. Mo ní láti yọ orí síta lójú fèrèsé kí n tó lè wa mọ́tò, pẹ̀lú oyún! Nígbà tí mo débi iṣẹ́, ìyá àgbà tó yẹ kí n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ló da tirẹ̀ bò mí.

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ Ṣítù ni mo gbà lọ. Mo ní, "Bọ̀dá Ṣítù, híítà mọ́tò mi ti bàjẹ́."

Ó ń nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, Ṣítù ò jẹ́ kí ojú wa pàdé. "Ìyàwó wa, kò bàjẹ́."

"Kí ló wá dé tí kò gbóná?"

"Kò sí níbẹ̀ ni."

"Ẹ gbà mí o! Ta ló jí i?"

"Wọn ò jí i, ìyàwó wa. Ó wà nílé yín. Nọ́fíù tiẹ̀ ní ẹ̀yin lẹ bá òun fọ̀ ọ́."

Mi ò mọ bí mo ṣe délé. Nọ́fíù wà nídìí tábìlì, ó ti to gbogbo rẹ̀ tán, híítà mi ń dán gbinrin láàárín fáànù méjì. Mo ní, "Bọ̀dá Nọ́fíù! Híítà mọ́tò mi!"

Ó ṣubú lulẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó. "Oṣù keje ni, Kúlísúmù! Gbogbo wa là ń làágùn! Mo ní ta ló ń fi híítà ṣe nǹkan? Mo fẹ́ ra òmíràn, mo gbàgbé."

"Ẹ gbàgbé òtútù? Ní Amẹ́ríkà?"

"Torí Màmá ni. Jẹ́ kí n kàn tàn án wò, kí n mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Sátidé ni màá dá a padà."

Inú bí mi, mo fìbínú jókòó sórí àga. Ọmọ inú mi ò sì dúró de Sátidé. Ọkọ mi ti na ìka sí ibi tó máa tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tàn, ni mo bá dìde lórí àga. Ó wo ilẹ̀, ó rí omi, ó figbe ta, ó kó sábẹ́ tábìlì, ó ń fọwọ́ pa họ́ọ̀sì kiri. "Kò jò! Kúlísúmù, gbogbo ẹ̀ gbẹ!"

Mo ní, "Ẹ jáde níbẹ̀ kí ẹ pe táksí! Ọmọ ń bọ̀!"

Mo bí Rídwàn láyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dúró kí oṣù rẹ̀ pé. Ó kéré, àtẹ́lẹwọ́ bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Yìnyín ń bọ́ níta. Nọ́ọ̀sì ní ká rí i dájú pé mọ́tò gbóná dáadáa ká tó gbé e jáde. Mo wo Nọ́fíù. Nọ́fíù wo ilẹ̀. Ó gbé kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó padà wá, ọwọ́ rẹ̀ ti họ yánnayànna. Òun àti Ṣítù ti tú kọ̀ǹpútà, wọ́n ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tó fi gbogbo ọdún pète, kò tàn án rí, kò sì mọ̀ bóyá ì bá ṣiṣẹ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú ṣì ń bí mi. Bí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ṣítù ló wa mọ́tò lọ sílé. Nọ́fíù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà lójú. Ooru tú yẹ́ẹ́ láti ihò iwájú mọ́tò, ó kan ẹsẹ̀ mi lẹ́yìn níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú ọmọ. Rídwàn yán, ó sùn. Mo gbọ́ tí ọkọ mi ń fi imú fa ẹkún, ó ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, "Ó ń ṣiṣẹ́. Ṣítù, ó ń ṣiṣẹ́."

Ó ya ìkómọ náà mọ́ ọn. Kò kúkú sí kọ̀ǹpútà tó máa gé e mọ́, àtijọ́ ti túká, tuntun ti wọ mọ́tò. Ó kan da gbogbo rẹ̀ sórí káṣẹ́ẹ̀tì bó ṣe wà, àìgé, àìtò, ó fi rán Adébọ́lá, ọ̀rẹ́ wa kan tó ń lọ sílé. Rídwàn ò tíì pé ogójì ọjọ́ tí Màmá fi pè wá.

Màmá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní àwọn ti rí i, ó ṣì wà ní pínńíṣín, imú bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Wọ́n wá pe orúkọ mi.

"Kúlísúmù, mo fẹ́ bi ọ́. Kí a tó rí ojú ọmọ, ihò kan wà nínú mọ́tò tí ọkọ rẹ kọ́kọ́ ń yà títí, tó ń sunkún sí. Kí ni ihò yẹn?"

Mo wo Nọ́fíù tó gbé ọmọ sáyà. Mo ní, "Màmá, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni."