Nùsírátù Kò Mu Wáìnì Rí

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Dubai dojú dé lọ́dún 2009, tí kéréènì tí wọ́n fi ń kọ́lé gíga dúró gbagidi lójú ọ̀run bí lékeléke tó gbàgbé ibi tó ń lọ, ilé iṣẹ́ tí Nùsírátù ti ń ta fúláàtì lé òun àti ogójì èèyàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ Ìwó ni. Kò sunkún. Kí oṣù tó parí, ó ti rí iṣẹ́ mìíràn ní Al Quoz, ládùúgbò kan ní Dubai, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n to tábìlì àti tẹlifóònù sí. Ìrìn àjò ìgbafẹ́ ni wọ́n ń tà lórí fóònù, ọjà wọn sì jìnnà: bí ọkọ̀ òkun àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bá gúnlẹ̀ sí Valparaíso, ní ilẹ̀ Chile, bọ́ọ̀sì á kó wọn lọ sí àfonífojì oko àjàrà, wọ́n á tọ́ wáìnì wò, wọ́n á sì padà kí ọkọ̀ tó ṣí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Nùsírátù kò dé Chile rí. Bọ́ọ̀sì tí òun mọ̀ ni èyí tó ń gbé e wá síbi iṣẹ́ láti Rolla, ní Sharjah, níbi tó ti gba bedspace, ibùsùn kan nínú yàrá àjọgbé, nílùú tí ọtí ti jẹ́ èèwọ̀ pátápátá. Síbẹ̀, ó mọ iye ìṣẹ́jú tó wà láti oko kan sí ìkejì, ó sì mọ èyí tí arúgbó lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ láìgun àtẹ̀gùn.

Wàhálà ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Nínú ìwé tí wọ́n ń kà fún oníbàárà, ìlà kẹrin sọ pé: "Èmi fúnra mi ti mu ún, ó dùn gan-an." Nùsírátù máa ń fo ìlà náà bí ẹni fo gọ́tà.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀, Alhaji Abdulsalam ọmọ Èkó, tó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé láti Dubai owó ọkọ̀ kò wọ́n, gbé headset sétí láti gbọ́ bó ṣe ń tajà. Obìnrin òyìnbó kan ló wà lórí fóònù.

"Ṣé ìwọ ti mu ún rí?"

"Rárá, mà. Mi ò mutí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí ẹ dé oko kẹta, ẹ má lọ. Ọkọ̀ ò ní dúró dè yín."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun á rò ó, ó pa fóònù.

"Khalas, ó parí," ni Abdulsalam wí. "Oníbàárà ti lọ. Kí ló dé tí o ò ka ìlà kẹrin?"

"Irọ́ ni, Alhaji."

"Ẹnu lásán ni, kì í ṣe ọ̀fun."

"Ẹnu yẹn náà ni mo fi ń kírun, sà."

"Èèyàn márùn-ún ló ń wá àga tó o jókòó sí yìí. Kà á, tàbí kí n kọ ìwé gbélé-ẹ fún ẹ. O sì mọ̀ pé visa ẹ á bá a lọ."

Ó mọ̀. Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó fa ìwé funfun kan yọ, ó gbé e síwájú ọ̀gá pẹ̀lú bírò.

"Ẹ kọ ọ́ báyìí, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìdí ẹ̀ sí i: pé Nùsírátù kọ̀ láti sọ pé òun mu wáìnì. Kí ẹ fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, kí ẹ má yọ Alhaji kúrò níwájú orúkọ yín o. Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ sí ọ́fíìsì labour ti ìjọba, kí wọ́n bá wa túmọ̀ ẹ̀ sí Lárúbáwá."

Abdulsalam mú bírò. Ó kọ déètì. Ó wo déètì náà pẹ́.

"Ìdí mìíràn ò sí? Pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ ńkọ́?"

"Mi ò pẹ́ rí. Ẹ wo rẹ́jísítà."

Ó fi bírò sílẹ̀. "Olórí kunkun ni ẹ́. Yalla, padà sídìí fóònù."

"Ìlà kẹrin ńkọ́, sà?"

"Ìlà kẹrin wo?" ni Alhaji wí, ó ti ń lọ.

Nùsírátù mú bírò náà, ó pa ìlà kẹrin rẹ́, kí ọ̀rọ̀ Alhaji má baà di irọ́.